Ṣíà Tí Mo Ní Ó Ti Kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rò ó tán ná. Èmi Olúbùsọ́lá, aránṣọ ní Àgọ́-Ìwòyè, ìyá ọlọ́mọ kan péré, ni mo parọ́ ikú mọ́ ohun tí kò lẹ́mìí, tí odindi ìjọ sì bá mi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rọbí Ẹnìtàn, ọmọ mi, ní ilé ìwòsàn kan n'Íjẹ̀bú-Igbó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo rí i tí nọ́ọ̀sì méjì wo ara wọn lójú. Ẹ̀rù bà mí. Mo figbe ta.

"Olúwa, bí o bá jẹ́ kí n fọwọ́ gba ọmọ yìí, ìwé ṣíà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo fún ọ! Gbogbo rẹ̀!"

Màmá Ọmọ́títí, ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, ló ń wọ́n omi àdúrà sí mi lórí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Búsọ́lá, ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ?"

"Mo gbọ́, Màmá! Ẹ bá mi ṣe àmín kíákíá!"

Kò pé wákàtí kan, Ẹnìtàn ké.

Bàbá mi ló fi orúkọ mi ra ṣíà náà nígbà tí mo ṣì ń rákò. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan ló ń ta ìpín nígbà náà: èèyàn á dá owó sí iṣẹ́ wọn, á sì di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Bàbá kú, ìwé kù. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi ló wà láti ìgbà náà wá. Lójú tèmi, kò lè ju owó àpò gàrí kan lọ. Ká má purọ́ fún ara wa, ohun tí mo rò pé kò ní dùn mí ni mo fi jẹ́jẹ̀ẹ́.

Bàbá Olùṣọ́ Ògúnbáyọ̀, olórí ìjọ wa, kọ ọ́ sínú ìwé ìkórè: "Arábìnrin Olúbùsọ́lá, ìwé ṣíà kan." Ó ní kí n mú un wá nígbà ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Mo ṣe àmín, mo gbé ọmọ mi pọ̀n, ó tán.

Ìwé ló kó bá mi.

Mi ò kàwé ní kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti ń kọ́ ọ nísinsìnyí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nírọ̀lẹ́. Farouk ni tíṣà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ nípa ìṣirò owó ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí kálukú mú ìwé kan wá láti ilé, ìwé yòówù kó jẹ́, ká jọ kà á. Ẹnì kan mú bíìlì iná wá. Abibat ẹlẹ́ja mú ìwé tó bá oògùn ikọ́ wá nínú páálí. Èmi mú ìwé ṣíà mi lọ.

Farouk kà á. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ìyá Ẹnìtàn, ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Tíṣà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Bàjẹ́ kẹ̀?" Ó fa fóònù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. "Ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó, Tíṣà."

"Ẹ tún jókòó."

Ó kọ iye kan sí etí ìwé mi, ó sì rọra kà á fún mi kí àwọn tó kù má baà gbọ́. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà.

"Ohun tí bàbá yín rà ní ọ̀pọ̀ ló ti di góòlù yìí," ó ní. "Ẹ lè tà á, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá sì fẹ́, ẹ lè fi ṣíà náà gan-an ta ẹlòmíràn lọ́rẹ láìtà á..."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ lè tà á" nìkan ló wọ etí mi. Ìyókù bá atẹ́gùn lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù mi ní kí n san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí n kó ẹ̀rọ mi jáde lópin ọdún. Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní ronú? Mo ń rán aṣọ, mo ń bá Olúwa ṣàlàyé. Mo ní, "Olúwa, ìwọ lo ni igbó, ìwọ lo ni ọ̀sà àti ẹja inú rẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ṣíà ṣe? Owó àpò gàrí kan ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn, ìwọ náà sì mọ̀. Jẹ́ kí n fún ọ ní owó àpò gàrí méjì."

Ẹnu mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí Ẹnìtàn fi sín.

Háà! Àyà mi já. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ yẹn bá sín, màá ní ẹjọ́ ṣíà ti dé ọ̀run. Bó bá yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, màá ní ìdájọ́ ti jáde. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì wò mí títí. "Ìyá ọmọ, ara ọmọ yìí le ju tèmi lọ. Ìwọ gan-an ni kó o jókòó ká wò."

Ẹ ó bi mí pé, ọkọ mi ńkọ́? Samson ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Òde-Omi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé, tòun ti ẹja. Mi ò sọ fún un. Samson bẹ̀rù ẹ̀jẹ́ ju bó ṣe bẹ̀rù ìjì lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ fún un láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, àwọn edé inú ọ̀sà ti gbọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìkórè pé, Màmá Ọmọ́títí yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Búsọ́lá ọmọ mi, ṣíà wa ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé ó wà. Mo fi Ọlọ́run búra, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ohun tó jáde ni pé, "Màmá, ṣíà náà ti kú."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ó kú? Nígbà wo?"

"Lóṣù tó kọjá."

"Kí ló pa á?"

Mo wòkè, mo wolẹ̀. "Ọrọ̀ ajé ni, Màmá. Ìlú le."

"Yéè! Ìlú yìí ò tún dá ṣíà sí!" Ó wó jókòó sórí àga oníbàárà. "Ṣé ó ṣàìsàn kó tó lọ ni?"

"Ó kàn ń rù ni, Màmá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rù."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má sunkún."

Mi ò sunkún o. Àmọ́ bó ṣe ní kí n má sunkún, mo rí i pé ó yẹ kí n sun ún díẹ̀, mo bá nu ojú.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin méje wọlé tọ̀ mí, sùtánà funfun lọ́rùn wọn, láìwọ bàtà, pẹ̀lú búrẹ́dì méjì àti mílíìkì agolo kan. Wọ́n wá bá mi kẹ́dùn.

"Ẹ kú àdánù o, Ìyá Ẹnìtàn."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá."

"Ṣé ó tiẹ̀ fi nǹkan sílẹ̀?"

"Ìwé nìkan ló fi sílẹ̀."

"Ó mà ṣe o. Àgbà ni àbí ó ṣì kéré?"

Màmá Ọmọ́títí dìde dúró láàárín pálọ̀ mi. "Ẹni tó jí Lásárù dìde lọ́jọ́ kẹrin, kí ni ṣíà jẹ́ níwájú rẹ̀? Ẹ̀yin ìyá, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta!"

Wọ́n gbà á o! Àwọn àgbààgbà obìnrin, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú, ẹni tí orúnkún ń dùn, wọ́n pa ebi mọ́nú fọ́jọ́ mẹ́ta nítorí irọ́ mi. Èmi tí mo ń fún ọmọ lọ́mú, wọ́n ní kí n máa jẹun. Kò sí òkèlè tí mo jẹ lọ́sẹ̀ yẹn tí kò há mi lọ́fun.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀mí gbé Arábìnrin Ẹ̀bùnolúwa, ọ̀kan nínú àwọn aríran wa. Ó ń mì, ó ń yí. "Mo rí ìwé kan! Mo ní mo rí ìwé kan! Ó ń mí! Ó sanra! Ó ti sanra jù!"

Gbogbo ìjọ ń ké "Alelúyà!" Èmi ń làágùn bí ẹni tó jókòó ti agbada gàrí.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Olùṣọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọbìnrin mi, kí lo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Olúwa gan-an?"

"Ìwé ṣíà ni, Bàbá."

"Ṣé ìwé náà ṣì wà?"

"Ó wà, sà."

"Mú un wá bẹ́ẹ̀. A ó gbé e sórí tábìlì ìkórè, a ó tà á ní gbàǹjo pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iye yòówù kó pa, ti Olúwa ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò mọ ìdí ẹ̀rín yẹn lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo bí òye mi ṣe mọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ṣíà, bí ẹni tí ewúrẹ́ bá wà lókùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ra ìwé yẹn, ilẹ̀ ti mọ́ bá mi. Mi ò lè bi Farouk, ojú ń tì mí. Mo ronú títí, ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló máa ra ìwé òkú? Èmi náà ni! Màá sọ iye táṣẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi du ú. Ẹ̀jẹ́ san, ìwé padà sílé, mílíọ̀nù mẹ́ta wà níbi tó wà. Mo rẹ́rìn-ín nìkan. Mo yin orí mi.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ẹni tí kò bá tíì dé ìkórè Aládùúrà rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé iye ọjà kọ́ ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ọpẹ́ ni. Tòmátì kan ṣoṣo lè pa owó apẹ̀rẹ̀ kan. Ọkùnrin wà lápá ọ̀tún, obìnrin wà lápá òsì. Ẹni tí kò bá fẹ́ ká mọ òun á sọ iye tirẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ létí, ẹ̀ṣọ́ á sì bá a pè é síta.

Màmá Ọmọ́títí ló ń ta ọjà. "Ìbẹ́pẹ yìí, ẹ wò ó! Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó!" Wọ́n rà á. Ó ta iṣu, ó ta àkùkọ, ó ta ẹyin méjì. Ó wá gbé ìwé mi sókè.

"Ará, òkú wà nílẹ̀ yìí."

Ẹ̀rín bẹ́.

"Ṣíà arábìnrin wa ni. A gbààwẹ̀, kò jí. Ìwé rẹ̀ ló kù. Ẹ lè fi dáná, ẹ lè fi bo ìkòkò. Ta ló máa ra òkú?"

"Ẹgbẹ̀rún kan!" Èmi nìyẹn.

"Olóòkú fẹ́ ra òkú rẹ̀! Kò burú. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹ̀ẹ̀kíní. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹ̀ẹ̀kejì..."

Ẹ̀ṣọ́ kan nawọ́ sókè lápá ọkùnrin. "Ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

Mo na ọrùn. Òpó ṣọ́ọ̀ṣì dí mi lójú. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!"

"Ó ní ogún."

"Ọgbọ̀n!"

"Ó ní àádọ́ta."

Ẹnu àwọn èèyàn ti ń là sílẹ̀. Òógùn ti ń gba ẹ̀yìn mi dé ara Ẹnìtàn tí mo pọ̀n. Ta ló gbọ́? Ṣé Farouk ló tú àṣírí mi? Ṣé aríran yẹn rí gbogbo rẹ̀ tó sì rán ẹnì kan ni? "Ọgọ́rùn-ún!" Owó tí mo ti ń tọ́jú de bàbá onílé ni mo ń pè yẹn.

Màmá Ọmọ́títí rọra gbé ìwé náà kalẹ̀. "Búsọ́lá, ó di ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ta ọjà ìkórè. Mi ò rí òkú tó ní oníbàárà méjì rí."

"Màmá, ẹ ṣáà máa tà á!"

"Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba," ni ẹ̀ṣọ́ wí.

Igba! Owó mi ti tán. Màmá Ọmọ́títí gbé agogo sókè. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, ẹ̀ẹ̀kíní! Ẹ̀ẹ̀kejì!"

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú tábìlì.

"Ẹ má tà á! Ẹ jọ̀ọ́! Kò kú! Ṣíà náà ò kú, ẹnu mi ni mo fi pa á!"

Àkùkọ tí wọ́n ti tà kọ lábẹ́ bẹ́ńṣì.

Ẹnì kan dìde láti ẹ̀yìn òpó lápá ọkùnrin. Samson ni, ọkọ mi. Mo rò pé ó wà ní Òde-Omi, àṣé ó ti wálé fún ìkórè láìsọ fún mi.

"Búsọ́lá? Ìwọ lò ń bá mi du ú? Ariwo nìkan là ń gbọ́ lẹ́yìn òpó, ẹ̀ṣọ́ ló ń sọ iye fún mi."

"Bàbá Ẹnìtàn! Ìwọ ni?"

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi ìwé ọwọ́ bàbá ẹ bo ìkòkò. Mo ní kò ní ṣojú mi. Mo fẹ́ rà á fún ẹ kí inú ẹ lè dùn."

"Owó wo lo fẹ́ fi rà á?"

Ó wolẹ̀. "Owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn akọrin di ara wọn mú. Màmá Ọmọ́títí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́ta," ló ń sọ. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi jẹun. Mo bá ṣíà ṣọ̀fọ̀ ju bí mo ṣe bá àbúrò ọkọ mi ṣọ̀fọ̀ lọ."

Bàbá Olùṣọ́ gbọ́wọ́ sókè. "Mo mọ̀ pé kò kú."

"Ẹ mọ̀, Bàbá?"

"Lóṣù tó kọjá, mo ra sìmẹ́ńtì ilé-iṣẹ́ yẹn láti fi rẹ́ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yìí. Iye tí wọ́n pè fún mi, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta sìmẹ́ńtì ní iye yẹn, kí ló máa pa ṣíà rẹ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni mo ń dúró dè, ọmọbìnrin mi." Ó mú ìwé náà lórí tábìlì. "Èmi náà ra ṣíà rí, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní Abigi. Tákàdá lásán nìyí. Orúkọ ẹ ló wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Bí Màmá Ọmọ́títí bá fi wé àkàrà, ìwọ lo ṣì ni ṣíà ẹ, àfi tó o bá fọwọ́ sí i fún ẹlòmíràn."

Ẹ gbọ́ mi, tákàdá àkàrà ni èmi àti ọkọ mi fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba jìjà lé lórí.

Owó tí èèyàn bá sì ti pè níwájú pẹpẹ, a kì í fà á padà. Samson san án. Oṣù mẹ́rin ló fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Mo bẹ Bàbá Olùṣọ́ pé kí wọ́n sọ ohun tí màá ṣe sí ṣíà náà. Ó kọ̀. "Tà á bó o bá fẹ́, fi tọrẹ bó o bá fẹ́. Èmi ò ní béèrè mọ́. Ẹni tó o jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ni kó o lọ bá." Ìyẹn le ju ká nà mí lọ.

Samson ò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. "O sọ fún Olúwa. O sọ fún tíṣà. O pe ikú pàápàá sí i. Èmi tá a jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, o ò sọ fún mi."

Gbogbo ẹ̀rín ìjọ kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo tọ Farouk lọ. Ó ṣàlàyé ohun tí etí mi kọ̀ lọ́jọ́sí. "Bí ẹ bá tà á kí ẹ tó gbé owó fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Bí ẹ bá fún wọn ní ṣíà náà bó ṣe wà, èrè ọdọọdún á máa wọlé fún wọn, àwọn ni wọ́n á sì yan ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tà á."

"Tíṣà, èwo ni owó rẹ̀ ò ní gba ọwọ́ mi kọjá?"

"Èkejì."

"Èkejì ni mo fẹ́."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ lọ rò ó wò?"

"Ìrònú ló gbé mi débi yìí, Tíṣà. Mo mọ ọwọ́ mi."

Ṣọ́ọ̀bù yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìta ilé wa ni ẹ̀rọ mi wà báyìí, àwọn oníbàárà sì ń pè mí ní Ìyá Olóòkú. Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, bí ìnira bá dé, tí ẹnu bá fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹ fi ohun tí ẹ mọ iye rẹ̀ jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá sì ti jẹ́ ẹ tán, ẹ má ṣe bá ara yín nìkan jíròrò. Ìmọ̀ràn tèmi fún èmi, kò sí èyí tí kò dáa lójú mi nínú rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó la ti lọ fọwọ́ sí ìwé pé ṣíà ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Samson ló fi ọ̀kadà gbé wa bọ̀. A ti ń sún mọ́ Ìlàpòrú nígbà tó yí ọrùn díẹ̀.

"Búsọ́lá, ohun tá a fún Olúwa yìí, èló ni gan-an?"

Mi ò tíì sọ iye rẹ̀ fún un rí. Iye kékeré kan ti wà létè mi, èyí tí kò ní dùn ún. Mo gbé e mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí Farouk ṣe kọ ọ́, títí dórí kọ́bọ̀.

Ọ̀kadà dúró. Ó pa á, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí koríko etí títì. Tírélà méjì kọjá.

"Mo ní kó o máa sọ òótọ́ fún mi," ó ní nígbà tó yá. "Mi ò ní kó o sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo gbé Ẹnìtàn lé e lẹ́sẹ̀, mo jókòó tì í.